Ínǹṣì Méjì Tí Káfíńtà Yọ

Ẹ bi ẹnikẹ́ni ládùúgbò yẹn pé kí ni káfíńtà máa ń ṣe láàárọ̀ Sátidé, wọn á ní ó ń tún ìjọba kàn ni. Láti Mọ́ńdè títí di Fúráìdè, pákó ló ń gé. Tó bá wá di aago mẹ́jọ àárọ̀ Sátidé, á wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí ìyàwó rẹ̀ ti lọ̀, á jókòó sílé iṣẹ́ rédíò, á sì fi ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sọ èrò ọkàn rẹ̀ nípa ọ̀rọ̀ ìpínlẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ló ti ń ṣe é. Káfíńtà Rédíò ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn, bó tilẹ̀ ń ṣe bí ẹni pé kò kan òun.

Ará àtijọ́ ni, kò sì fi bò rárá. Lójú tirẹ̀, kò yẹ kí ọwọ́ ìjọba máa wà nínú gbogbo ìkòkò. Bàbá àti ìyá ló ni ọmọ títọ́, kì í ṣe gómìnà. Òfin kò gbọ́dọ̀ pọ̀, ṣùgbọ́n èyí tó bá wà, kí gbogbo èèyàn pa á mọ́. “Àga tó bá ń dún, ẹ kàn án níṣòó, ẹ má sọ ọ́ síná,” lọ̀rọ̀ tó fi máa ń kádìí ètò rẹ̀. Nígbà tí olùdíje kan ṣèlérí yunifásítì, ilé iṣẹ́ ńlá àti pápákọ̀ òfuurufú ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo, ohun tí káfíńtà béèrè lórí rédíò ni pé ta ni yóò máa gbá gbogbo wọn. Ẹgbẹ́ tó wà lórí oyè, tó ń pe ara rẹ̀ lẹ́gbẹ́ ìtẹ̀síwájú, kò rí ẹ̀rín kankan níbẹ̀. Ẹgbẹ́ alátakò, èyí tí òun fúnra rẹ̀ ti ń dìbò fún láti ìgbà tí irùngbọ̀n ti hù lágbọ̀n rẹ̀, rẹ́rìn-ín dáadáa, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sára pósítà.

Nígbà tí ìdìbò ku oṣù kan ààbọ̀, ìjọba pín tábìlì tuntun fáwọn ilé ìwé. Gómìnà tilẹ̀ gun ọ̀kan lójú agbo ìpolongo, ó ń fẹsẹ̀ janlẹ̀ lórí rẹ̀ kí gbogbo ayé lè rí i pé ó le. Ìwé ìjọba ní ọgbọ̀n ínǹṣì ni gíga rẹ̀. Ọ̀rọ̀ pákó ti dé nìyẹn, ta ni yóò dá káfíńtà dúró? Ó ní òun yóò lọ wọ̀n ọ́n fúnra òun.

Ìyàwó rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, ní kó má fi ògbólógbòó téèpù rẹ̀ yẹn dójú ti òun lójú àwọn tíṣà ẹgbẹ́ òun. Ó bá a ra tuntun, aláwọ̀ ìyeyè, tó ń dán gbinrin. Òótọ́ ni obìnrin náà wí, nítorí ọjọ́ ti pẹ́ tí ayùn ti gé orí téèpù ògbólógbòó náà já bọ́, tí ínǹṣì méjì àkọ́kọ́ sì bá a lọ. Ẹlòmíràn ì bá ti sọ ọ́ nù. Káfíńtà ní ohun tó bá ṣì ń ṣiṣẹ́ kò tíì kú. Ohun tí téèpù náà bá kà, ó kàn ń yọ méjì kúrò ni: tó bá ka méjìlélọ́gbọ̀n, á jẹ́ pé ọgbọ̀n ni. Ogún ọdún ó lé ló ti ń yọ méjì bẹ́ẹ̀, kì í ronú sí i mọ́.

Ó mú téèpù tuntun lọ sílé ìwé kan ládùúgbò, ó wọn tábìlì mẹ́ta, ó sì kọ ohun tó rí sílẹ̀. Ní Sátidé, ó sọ fún gbogbo ìpínlẹ̀ pé méjìdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n, pé ìjọba ti gé ínǹṣì méjì jẹ lára tábìlì àwọn ọmọ wọn.

Ìlú gbiná. Kó tó di ọjọ́ Mọ́ńdè, pósítà ti kún ara ògiri: ÍNǸṢÌ MÉJÌ WA DÀ? Agbẹnusọ gómìnà fi odidi wákàtí kan bú káfíńtà, ó ní wọ́n rán an níṣẹ́ ni. Àwọn aṣòfin fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà. Nínú gbogbo ariwo yìí, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó mú téèpù dé ilé ìwé. Òṣèlú kì í fẹ́ wọn nǹkan, àfi kó máa pariwo lé e lórí.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdeè, obìnrin kan wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ọwọ́ Yá ni wọ́n ń pè é, ọ̀dọ̀ káfíńtà ló ti kọ́ṣẹ́ fún ọdún mẹ́rin kó tó lọ dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀. Káfíńtà fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ bíbí inú rẹ̀.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mo ṣe àwọn tábìlì yẹn. Ọgbọ̀n ni mo gé wọn.”

Káfíńtà kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé obìnrin náà ló gba iṣẹ́ náà. Ó wo ilẹ̀, ó wo òkè. “Ọmọ mi, mẹ́ta ni mo wọ̀n. Téèpù kì í ṣẹgbẹ́ òṣèlú.”

Téèpù obìnrin náà wà lápò rẹ̀. Ṣùgbọ́n báwo lèèyàn ṣe fẹ́ yọ téèpù síwájú ẹni tó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan? Ó kúnlẹ̀, ó ní ó dàbọ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, ilé ìwòsàn tó fẹ́ gbé iṣẹ́ ibùsùn fún un ti gba iṣẹ́ náà padà, méjì nínú àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ sì ti wábi gbà lọ. Káfíńtà gbọ́, ó sì dùn ún. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òtítọ́ korò ni.

Kọ́bọ́ọ̀dù ìyàwó rẹ̀ ló tú àṣírí. Obìnrin náà fẹ́ pẹpẹ kan sí i láti to abọ́ sí. Káfíńtà fi téèpù tuntun wọn àyè rẹ̀ nílé, ó dé ṣọ́ọ̀bù, ó fi ògbólógbòó wọn pákó, ó sì gé e. Nígbà tó gbé e dé, pákó náà bọ́ sísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù gbàgà. Ó gbé e sókè, ó tún bọ́. Ínǹṣì méjì ló fi kúrú.

“Baálé mi,” ìyàwó rẹ̀ sọ ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, “ṣé o tún yọ méjì lára téèpù tí nǹkan kan kò ṣe?”

Káfíńtà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín abọ́. Ojú tì í débi pé kò lè dìde. Lọ́jọ́ kejì, tọkọtaya gba ilé ìwé lọ, ìyàwó ló wọ̀n ọ́n, ọkọ kàn ń wò. Ọgbọ̀n géérégé ni.

Akọ̀wé ẹgbẹ́ alátakò gbọ́ fìn-ín-fìn-ín, ó sì sáré dé. Ó bẹ káfíńtà pé ọ̀sẹ̀ kan péré ló kù kí wọ́n dìbò, kó ṣáà dákẹ́ títí wọn ó fi ka ìbò tán. Ó ní ṣebí ẹgbẹ́ káfíńtà náà ni, ṣebí ohun àtijọ́ ni gbogbo wọn jọ ń jà fún.

“Bẹ́ẹ̀ ni,” káfíńtà fèsì. “Òtítọ́ ló sì dàgbà jù nínú ohun àtijọ́. Tá a bá gé òun, kí ló kù tá a fẹ́ tọ́jú?”

Ní Sátidé, ó jókòó sílé iṣẹ́ rédíò. “Ẹ̀yin ará, tábìlì yẹn pé. Orí èmi ni méjì dín níbẹ̀.” Ó ṣàlàyé téèpù méjèèjì láìfi ohunkóhun pamọ́. Ó sọ orúkọ ẹni tó ṣe tábìlì náà àti ojúlé ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ní kò sí ọwọ́ tó mọ́ ju ọwọ́ rẹ̀ lọ nínú iṣẹ́ pákó, ó sì tọrọ àforíjì lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ló túnra mú. Ó ní kí inú gómìnà má tíì dùn jù, ìlérí rẹ̀ ṣì pọ̀ ju ìṣó lọ, ẹgbẹ́ alátakò lòun yóò sì dìbò fún. Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ tó ń darí ètò rẹ́rìn-ín títí ó fi gbàgbé láti ka ìpolówó ọjà.

Láti ibẹ̀, káfíńtà gba ṣọ́ọ̀bù Ọwọ́ Yá lọ tààrà, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí èérún pákó. Obìnrin náà pariwo pé kí ọ̀gá òun dìde, kí wọ́n má fi òun gégùn-ún. Káfíńtà fi téèpù ìyeyè náà lé e lọ́wọ́, ó ní ó pé jù fún irú òun. Kó tó kúrò níbẹ̀, ilé ìwòsàn ti tẹ Ọwọ́ Yá láago.

Ọjọ́ ìdìbò pé. Káfíńtà wà lórí ìlà láti aago méje, àwọn èèyàn ń dápàárá pé kó wọn ìlà náà fún àwọn, kó má sì yọ nǹkan kan. Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń juwọ́. Ọwọ́ Yá dé, ó kúnlẹ̀ kí i, ó sì fi téèpù ìyeyè náà lé e lọ́wọ́ padà. Káfíńtà fà á jáde. Ínǹṣì méjì àkọ́kọ́ kò sí níbẹ̀ mọ́, obìnrin náà ti fi ayùn gé e tónítóní.

“Ẹ máa lò ó, ọ̀gá,” ó ní. “Mo ti ṣe é bó ṣe mọ́ yín lára.”

 Káfíńtà fi téèpù náà sápò àyà, ó nu ojú, ó sì bọ́ sẹ́yìn ìṣísẹ̀ kan kí ọmọbìnrin náà lè dúró síwájú òun lórí ìlà, bó tilẹ̀ mọ̀ dájú pé ìbò tó ń lọ dì fún gómìnà yóò pa tòun rẹ́.