Ọ̀sán Tí Mo Lọ Gbọ́ Orin Àwọn Ará Jámánì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Arimọgija, dùùrù ṣọ́ọ̀ṣì wa nìkan ni ohun èlò orin òyìnbó tí mo mọ̀. Ó ti gbó, ó sì máa ń mí hẹ̀hẹ̀ bí arúgbó tó ń gun òkè. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin wà nínú ẹgbẹ́ akọrin. A máa ń ti oko kòkó bàbá wa bọ̀ nígbà tí ilẹ̀ bá ti ṣú, àwa méjì péré, a ó máa kọrin lọ́nà. Kò sẹ́ni tí àyà rẹ̀ ń já nítorí wa.

Mo dàgbà, mo ṣiṣẹ́ ìjọba ní Ọ̀wọ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Àbúrò mi kò fi oko sílẹ̀ ní tirẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, mo lọ kí ọmọ mi obìnrin ní Kánádà, ó sì mú mi lọ gbọ́ ẹgbẹ́ olórin kan láti Jámánì tó ń lọ láti ìlú dé ìlú. Ẹ̀yin ọmọ mi, gòjé òyìnbó kún orí pèpéle! Àwọn kan tiẹ̀ ga ju ẹni tó ń ta wọ́n lọ.

A ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó ni ìyàwó àbúrò mi pè mí. Ọ̀sán ni lọ́dọ̀ wa, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú nílé.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bàbá àwọn ọmọ pè yín? Kò tíì ti oko dé."

"Kò pè mí o. Ṣé fóònù rẹ̀ ń lọ?"

"Kò lọ, sà. Wọ́n ní àwọn kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ wà lọ́nà oko, pẹ̀lú ìbọn."

Ibẹ̀ ni ìpè náà já. Wọ́n dín iná kù. Ọmọ mi tẹ̀ sí mi létí: "Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pa fóònù yín, wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀."

Àwọn gòjé ńlá ló kọ́kọ́ dún, wúyẹ́wúyẹ́, bí ẹni tó ń yọ́ rìn lórí ewé gbígbẹ. Ìlù kan ń dún lábẹ́ wọn, kò yára, kò sì dákẹ́. Gbogbo èèyàn jókòó jẹ́ẹ́, wọ́n ń gbádùn rẹ̀. Ní tèmi, mi ò lè fara dà á mọ́. Mo dìde láàárín orin, mo ń tẹ ẹsẹ̀ àwọn èèyàn mọ́lẹ̀ títí mo fi dé ẹnu ọ̀nà. Ọmọ mi sáré tẹ̀ lé mi.

"Dádì, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Nígbà tí mo sọ fún un, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í pe ilé. Kò lọ.

Ìgbà tí ilẹ̀ mọ́ ní Arimọgija ni ìròyìn tó dé bá wa. Àbúrò mi ti wọlé. Ó ní inú kòtò lòun sùn, òun kó ewé bo ara òun. Ó gbọ́ nígbà tí àwọn agbébọn náà ń mú ọkùnrin tí oko wọn jọ pààlà lọ. Ọkùnrin náà ń pe orúkọ àbúrò mi pé kó gba òun, ṣùgbọ́n àbúrò mi kò lè dáhùn. Títí di òní, ọkùnrin yẹn kò tíì padà wálé.

Ọ̀dọ̀ mi ní Ọ̀wọ̀ ni àbúrò mi ń gbé báyìí. Ayé ti yí padà gan-an. Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ń bẹ̀ mí pé kí n mú yín lọ wo oko tí bàbá wa dá. Mo gbọ́ yín. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bèèrè rẹ̀ lójú àbúrò mi mọ́. Tó bá ti gbọ́ ọ, ńṣe ló máa ń dìde lọ ti ilẹ̀kùn.