Ìyá Tó Ń Ka Orí Wa Létí Omi

Ìyá tó kọ́ àwa olùyọ̀ǹda bí a ṣe ń yọ ẹni tó ń rì kì í jẹ́ ká fẹsẹ̀ kan omi láìkọ́kọ́ ṣa ọ̀rá àti ike oògùn kòkòrò kúrò létí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ka orí wa.

"Ẹni tẹ́ ò bá kà, omi á kà á," ni wọ́n máa ń sọ.

Lọ́jọ́ ìdánwò, lọ́sàn-án gangan, àwa méje la wà nínú adágún odò tó wà lẹ́yìn abúlé Ìrókò. Ìyá kà wá, orí mẹ́jọ ni wọ́n kà, wọ́n sì fọn fèrè lójijì.

"Gbogbo yín, ẹ jáde!"

A jáde, àmọ́ ojú wọn ò kúrò lórí omi. Èmi náà wò ó. Orí ọkùnrin kan wà láàárín omi, ó kẹ̀yìn sí wa, kò mira.

Ìyá ju rọ́bà ìgbàlà sí i. Okùn rẹ̀ le bíi pé ẹnìkan dì í mú. A fà á títí, àmọ́ rọ́bà náà dé ọ̀dọ̀ wa lófìfo, a ò sì rí orí náà mọ́.

Àgbẹ̀ kan tó ń wò wá sọ pé apẹja kan rì síbẹ̀ nígbà òjò, kò sì sẹ́ni tó wá a.

Ìyá bọ́ bàtà, wọ́n kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, bàbá. Ẹ máa bọ̀ nílé."

Gbogbo wa la gbọ́ ọ tí ẹnìkan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn wa, níbi tí kò sí ẹnikẹ́ni.