Orúkọ Mi Nínú Ìwé Àgùdà

Ọdún tí àwọn òyìnbó ń bá ara wọn jagun ni, tí àwọn ìránṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ ń kó ọkùnrin lọ ṣe aláàárù ogun. Ní Ìwó nígbà náà, bí ènìyàn bá rí ẹni tó mú ìwé àti gègé dání, ọ̀nà oko ló ń sá gbà lọ, torí orúkọ àwọn tí wọ́n máa kó ni wọ́n ń kọ.

Ọdún yẹn náà ni àwa ọmọ ìjọ Àgùdà ṣe àdúrà ọjọ́ mẹ́sàn-án fún ẹni mímọ́ gbẹ́nàgbẹ́nà, alágbàtọ́ Jésù. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí mi sí. Ilé ọkọ ni mo ti di Àgùdà, inú bàbá mi kò sì dùn sí i. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kìíní, katikísì tó ń kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ ìsìn kọ orúkọ wa àti ohun tí olúkúlùkù ń tọrọ sínú ìwé kan, ó sì gbé e sí ẹsẹ̀ ère ẹni mímọ́ náà nínú ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹnìkan lọ ròyìn fún bàbá mi. Ní ọjọ́ kẹta, a wà lórí ìkúnlẹ̀ nígbà tí mo gbọ́ ìró ọ̀pá lẹ́nu ọ̀nà. Egbò kan wà lójúgun bàbá mi láti ìgbà òjò, síbẹ̀ wọ́n tiro wá láti ìpẹ̀kun ìlú.

"Ta ló ní kí o kọ orúkọ ọmọ mi?"

Katikísì dọ̀bálẹ̀. "Àdúrà ni, Bàbá."

"Ọlọ́run kò mọ orúkọ ẹ̀dá rẹ̀ ni? Ajẹ́lẹ̀ ló rán ọ. Lónìí ìyàwó, lọ́la ọkọ rẹ̀."

Ọkọ mi tẹjú mọ́lẹ̀. Kí n má purọ́, èmi náà bẹ̀rẹ̀ sí í fura. Mo rántí pé mo ti rí katikísì lọ́jà tí òun àti ìránṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ kan jọ ń rẹ́rìn-ín. Kí ló pa wọ́n pọ̀?

"Kà á sí mi létí," bàbá mi wí.

Katikísì ṣí ìwé. "Ó ní kí ẹni mímọ́ bá òun bẹ Ọlọ́run, kí egbò ẹsẹ̀ bàbá òun jinná."

Bàbá mi wò mí, ojú sì tì mí bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ìdí ìkòkò ọbẹ̀.

"Ta ló mọ̀ bóyá ohun tó wà níbẹ̀ ló kà?" Ohùn bàbá mi ti lọ sílẹ̀. Lóòótọ́, kò sí ẹlòmíràn láàárín wa tó mọ̀wé kà.

Bàbá mi ya ojú ìwé tó ṣí sílẹ̀ náà gbà, wọ́n sì tì í bọ inú fìlà wọn. Títí di ọjọ́ kẹsàn-án, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ń jókòó sí, wọn kì í gbójú kúrò lára katikísì. Lọ́jọ́ àjọ̀dún ẹni mímọ́ náà, a gbé oúnjẹ fún wọn. Wọn ò fọwọ́ kàn án.

Egbò náà jinná. Ewé tí ìyá mi ń lọ̀ sí i ni bàbá mi dúpẹ́ fún.

Lẹ́yìn oṣù díẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ ajẹ́lẹ̀ kó ọkùnrin ní àdúgbò wa, àti Mùsùlùmí, àti Àgùdà, àti abọ̀rìṣà. Wọn kò mú ọkọ mi.

"Ṣé o rí i?" bàbá mi wí. "Ọpẹ́lọpẹ́ ìwé tí mo gbà."

Aládùúgbò wa, tí wọ́n kó ọkọ tirẹ̀ lọ, ń sunkún lẹ́yìn ògiri.