Àárọ̀ Tí Wọ́n Ní Kí N Ṣọ́ Ràfátù

Òórùn búrẹ́dì gbígbóná láti bẹ́kìrì ẹ̀yìnkùlé wa ló jí wa láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ gba ẹ̀jẹ̀ àbúrò mi. Oko Ọba là ń gbé nígbà yẹn, nítòsí ibi tí wọ́n ti ń pa màlúù. Òórùn màlúù kì í jẹ́ ká gbọ́ òórùn mìíràn níbẹ̀, àfi ní ìdájí tí búrẹ́dì bá ń jáde nínú ààrò.

Ràfátù lorúkọ àbúrò mi, ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Èmi ti pé mẹ́wàá. Láàárín oṣù kan péré ló gbẹ bí ìgbálẹ̀. Á mu omi títí, á tọ̀ títí, yúnífọ́ọ̀mù rẹ̀ sì ń yọ̀ bọ́ léjìká. Àwọn ará ilé ní aràn ni. Dókítà tó wò ó ní ká mú un padà wá lọ́jọ́ kejì: kò gbọdọ̀ jẹ nǹkan kan láti alẹ́, omi nìkan ni kó mu, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè sọ òótọ́.

Bàbá wa ti lọ síbi iṣẹ́ l'Ọgbà, nílé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ike. Màámi fẹ́ wẹ̀. "Ṣọ́ àbúrò ẹ fún mi o," ni wọ́n wí. "Kò gbọdọ̀ fi nǹkan kan sẹ́nu."

Wọn ò tíì pẹ́ ní balùwẹ̀ tí Ìyá Sàídì, aládùúgbò wa tí kò mọ ohun tó ń lọ, fi bù nínú búrẹ́dì ọwọ́ wọn fún Ràfátù. Kó tó gbé e dẹ́nu ni mo ti di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Àǹtí mi, díẹ̀ péré," ló ń bẹ̀ mí. "Ebi ń pa mí."

Màámi fẹ́ràn láti máa sọ pé ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Èmi ò fẹ̀sọ̀ mú un. Mo lọ́ ọ lọ́wọ́, mo já búrẹ́dì náà gbà, mo jù ú sí àwọn adìẹ. Ó kàn jókòó sílẹ̀, ó ń wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń ṣá a jẹ.

Lọ́sibítù, nọ́ọ̀sì bèèrè bóyá ó ti jẹun. Mo dáhùn kí Màámi tó lanu: "Rárá, mà. Èmi ni mo ṣọ́ ọ." Orí mi wú. Nọ́ọ̀sì so rọ́bà mọ́ apá tín-ínrín yẹn, ó wá iṣan títí. Mo na ọwọ́ sí Ràfátù pé kó dì í mú. Kò dì í mú. Ọwọ́ Màámi ló dì mú.

Wọn ò jẹ́ ká mú un padà sílé. Àtọ̀gbẹ ni, ó sì ti wọ̀ ọ́ lára. Lọ́jọ́ kẹta, Bàbá wa nìkan ló wọlé, sálúbàtà Ràfátù wà lọ́wọ́ wọn.

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ tí wọ́n ṣe fún un ni mo jẹ́wọ́ fún Màámi. Wọ́n fà mí mọ́ra. "Ohun tí mo ní kó o ṣe lo ṣe," ni wọ́n wí, wọn ò sì dá ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ mọ́. Nígbà tí mo dàgbà, mo bi dókítà kan léèrè. Ó ní ṣúgà tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà ti pọ̀ jù. Kódà ká ní ó jẹ odidi búrẹ́dì, àyẹ̀wò náà ì bá ṣì sọ òótọ́. Ó rò pé òun tù mí nínú.

Ọmọ mi obìnrin pé ọdún mẹ́wàá lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀rù ṣì ń bà á láti dá sùn, èmi ni mo sì ń bá a so okùn bàtà. Mo wò ó títí, mo ń wá ọlọ́kàn líle lára rẹ̀, irú èyí tó lè lọ́ àbúrò lọ́wọ́. N kò rí i. Ọmọdé ni mo rí. Ó yẹ kí n lè dárí ji ọmọdé tí èmi náà jẹ́ nígbà náà báyìí. N kò tíì lè ṣe é.