Òróró Ewé Tíì Tí Ọkọ Mi Sè

Ìyá ọkọ mi ló gbé ewé tíì wọ ilé wa ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Àwọn kan sọ pé ilẹ̀ Íńdíà ni ewé náà ti ṣẹ̀ wá. Èmi mọ̀ pé Ògbómọ̀ṣọ́ ni tiwa ti wá, nínú àpò gàrí, pẹ̀lú erùpẹ̀ ní gbòǹgbò rẹ̀. Ìyá gbìn ín sẹ́yìn ilé lọ́dún tí a ṣègbéyàwó. Kò pẹ́ tó fi gba gbogbo ẹ̀gbẹ́ ògiri.

Ọkọ mi ń tún fíríìjì ṣe ní Yábàá. Orúnkún a máa dun ìyá rẹ̀, ó sì ti gbọ́ pé òróró inú ewé náà ń mú ara dẹ̀. Ọkọ mi bá so páìpù fíríìjì tuntun mọ́ ìdérí ìkòkò, ó fà á gba inú korobá omi tútù kọjá. Bí ewé bá ti ń hó, ooru rẹ̀ á gba inú páìpù, á di omi, á máa kán sínú ìgò. Òróró á wá léfòó lórí omi náà, ìwọ̀nba bíńtín.

"Ṣé torí orúnkún ìyá nìkan ni gbogbo wàhálà yìí?" ni mo bi í.

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìyá mi nìkan kọ́ ló ní orúnkún."

Lóòótọ́, a máa ń kán an sínú àdí àgbọn, a ó fi pa ẹsẹ̀ àti èjìká. A ń kán an sínú omi tí a fi ń nu ilẹ̀ nítorí ẹ̀fọn. Bí orí bá ń fọ́ mi, ọkọ mi á kán an sórí áńkáṣíìfù, á ní kí n máa fà á símú, á sì máa fọwọ́ ra mí lọ́rùn. N kò mọ̀ bóyá òróró ni àbí ọwọ́ rẹ̀ ló ń wò mí sàn.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ó ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó dé ilé ìwòsàn, ó ti lọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni, dókítà wí bẹ́ẹ̀.

Ìyá rẹ̀ wá jókòó tì mí. Kò sunkún lójú mi, èmi náà kò sunkún lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, kò bá wa lọ, nítorí òbí kì í rí sàréè ọmọ. Nígbà tí mo dé, mo bá a ní pálọ̀, ó ń fọwọ́ ra orúnkún. Mo mú ìgò òróró wá. Ó di ọwọ́ mi mú.

"Fi pamọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ tó kù nìyẹn."

"Ẹ̀yin ló ṣe é fún, Màámi."

Ó na ẹsẹ̀, mo sì fi òróró náà pa á lórúnkún. Bí òórùn náà ṣe gba pálọ̀ kan, ìyá lọgun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ọmọ rẹ̀. Mo wó lé e lẹ́sẹ̀. A sunkún débi pé àwọn aládùúgbò sáré wọlé.

Ojoojúmọ́ ni mo ń fi òróró náà pa á lẹ́sẹ̀, títí òróró fi tán. Mo gbìyànjú láti sè òmíràn, ṣùgbọ́n iná pọ̀ jù, ewé jóná mọ́ ìkòkò.

Nígbà tí ìyá ń padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, mo sìn ín lọ sí gáréèjì. Ó fà mí mọ́ra kó tó wọkọ̀.

"Ìyàwó mi, ọmọdé ṣì ni ọ́. Bí o bá rí ẹni rere, fẹ́ ẹ. Kí o sì mú un wá kí n rí i."

Ọkọ̀ ṣí. Títí di òní, n kò tíì mú ẹnikẹ́ni lọ hàn án.