Tún Un Sọ Kí N Gbọ́

Bí mo bá gbọ́ "Tún un sọ kí n gbọ́," ọ̀gá mi obìnrin ní Bódìjà ni mo máa ń rántí. Bí wọ́n bá rán ọ lọ ra omi tútù lásán, o ò ní kúrò níwájú wọn láìtún un sọ.

Nígbà tí a ṣe irinṣẹ́ tí AI fi ń lọ gbé fáìlì àwọn oníbàárà wá láti ibi tí ọ́fíìsì wa kó wọn sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ọ̀gá ní dandan, AI náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ sọ èyí tó fẹ́ gbé, kó dúró ká ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní, "Ẹ̀rọ kì í gbàgbé, mà."

"Ta ló sọ pé ó máa gbàgbé? Ṣé ohun tí mo rán an yé e ni mo fẹ́ mọ̀."

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, lọ́yà kan ní Ring Road, oníbàárà wa, ń kánjú lọ sí kóòtù, ó ní ká fi ìwé àdéhùn ilẹ̀ Àpáta ránṣẹ́. Mo bá pa ìbéèrè tí AI máa ń kọ́kọ́ bi wá yẹn, kó lè yá. Ìwé àdéhùn náà méjì ló wà níbẹ̀, wọ́n ti buwọ́ lu ọ̀kan. Èyí tí wọn ò tíì buwọ́ lù ni AI gbé wá, mo sì fi ránṣẹ́. Ọpẹ́lọpẹ́ pé lọ́yà yẹ̀ ẹ́ wò kó tó wọ kóòtù.

Mo ṣàlàyé wéréwéré fún ọ̀gá. Wọn ò pariwo. Wọ́n fa àga sún mọ́ mi.

"Tún un sọ kí n gbọ́."

Mo tún un sọ látòkèdélẹ̀, ohùn mi ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ìwọ náà ò gbàgbé nǹkan kan," ni wọ́n wí. "Ó yá, tan ìbéèrè yẹn padà."