Ẹ̀yìn Pákó Tí Wọ́n Pàtẹ́wọ́ Fún

Òórùn àtè gbígbóná ni mo fi ń rántí yàrá ẹ̀yìn ìsọ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní Sokodé. Awọ màlúù ni wọ́n fi ń se àtè náà nígbà yẹn. Tí mo bá ti gbé e kaná, àwọn tó ń ra aṣọ níwájú á fọwọ́ bo imú, ẹ̀gbọ́n bàbá mi á sì pariwo pé kí n má lé oníbàárà òun lọ. Òun ló ni ìsọ̀, èmi ń bá a tajà níbẹ̀ láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n tí a bá ti palẹ̀ mọ́, mo di ẹlòmíràn. Mo ń mú pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, èyí tí kò nípọn ju páálí lọ, mo ń fi abẹ gé e wẹ́wẹ́, mo ń to àwọn ègé náà mọ́ ara wọn títí wọ́n á fi di àwòrán. Kò sí ọ̀dà níbẹ̀ rárá. Arère ni mo fi ń ṣe ojú ọ̀run nítorí ó funfun, ọ̀gánwó ni mo fi ń ṣe ilẹ̀ pupa wa, ìrókò sì ni koríko ìgbà ọyẹ́. Tí mo bá fẹ́ òjìji, màá gbé iyanrìn kaná nínú agbada, màá ki etí ègé pákó bọ̀ ọ́ títí á fi jó díẹ̀ tí á sì ṣú. Lẹ́yìn náà, màá lẹ gbogbo rẹ̀ mọ́ pákó tí mo tú lára àpótí tíì àwọn ará Ṣáínà, èyí tí wọ́n tẹ lẹ́tà dúdú sí, màá gbé àpò àgbàdo lé e lórí kó má baà ká.

"Àgbàlagbà ń figi ṣeré," ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi máa ń wí. Kò parọ́. Eré ni, n kò sì tà á fún ẹnikẹ́ni. Ilé, igi, àká iṣu, odó, ìkòkò, àwọn ohun tí mo ń yà nìyẹn. N kò ya ojú ènìyàn rí. Mùsùlùmí ni wá, nílé wa a kì í gbé ojú ohun ẹlẹ́mìí kọ́ síbi tí a ti ń kírun. Kò sẹ́ni tó jókòó kọ́ mi; mo mọ̀ ọ́n bí mo ṣe mọ̀ pé a ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà.

Ìyá mi wà ní Kambolé. Ilé tí bàbá mi kọ́ fún un lóko ti wó lulẹ̀ lẹ́yìn ikú bàbá mi, òjò ló wó o, ìyá mi sì ti kó lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin láàárín ìlú. Nígbà tí mo lọ kí i nígbà ìkórè iṣu, mo rí i pé ohun funfun kan ti ń bo ẹyinjú rẹ̀. Ó ní láti yí orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó lè rí mi. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ilé wa ọjọ́sí yẹn ni mo ń rò. Ó ń wù mí kí n tún rí i kí ojú yìí tó pa dé." Mo lọ sóko lọ́jọ́ kejì. Gbogbo nǹkan ti jẹrà, àfi ilẹ̀kùn yàrá bàbá mi tí wọ́n fi igi apá ṣe. Mo gbé e wá sí Sokodé, mo ní kí káfíńtà kan là á sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún mi, mo sì fi ya ilé náà: ògiri rẹ̀, igi ẹmì iwájú rẹ̀, àká iṣu lẹ́yìn, odó ìyá mi ní ìdojúdé lẹ́bàá ògiri. Ilẹ̀kùn inú àwòrán náà, ara ilẹ̀kùn bàbá mi gan-an ni. Ohun tí mo fẹ́ kò ju kí ìyá mi rí i kí ìmọ́lẹ̀ tó kúrò lójú rẹ̀.

Báyìí ni délégué ṣe wọ ọ̀rọ̀ náà. Ọmọ Kambolé bíi tiwa ni, ṣùgbọ́n Tchamba ló ń gbé, òun ni aṣojú ẹgbẹ́ níbẹ̀. O rántí àkókò yẹn. Ẹgbẹ́ òṣèlú kan ṣoṣo ló wà nílẹ̀ wa, olórí orílẹ̀-èdè ló wà lórí rẹ̀, Guide, ìyẹn Afinimọ̀nà, la sì gbọ́dọ̀ máa pè é. Délégué yìí kò mọ iṣẹ́ kankan láyé yìí ju àtẹ́wọ́ lọ. Mo fojú mi rí i tó pàtẹ́wọ́ fún rédíò: ìròyìn ń lọ, wọ́n dárúkọ Guide, ọkùnrin náà já òkèlè ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó pàtẹ́wọ́, ọbẹ̀ ń ta sára àwọn tí wọ́n jọ ń jẹun. Nígbà ìkórè, tí iṣu ṣì wà nínú ebè, òun ló ń kó àwọn obìnrin Kambolé àti Koussountou lọ jó animation, ijó tí wọ́n fi ń yin Guide, nínú oòrùn, tí á jókòó sábẹ́ àtíbàbà tí á máa nàka sí àwọn tí wọn kò fò dáadáa. Ìyàwó rẹ̀ ní aṣọ tí wọ́n tẹ ojú Guide sí, ó sì ń ró o débi pé ibi ìjókòó ni ojú náà máa ń bọ́ sí. Ìyẹn kò ṣe wọ́n ní nǹkan kan. Mo kórìíra ọkùnrin náà, n kò ní fi pamọ́ fún ọ.

Ṣùgbọ́n ó ní mọ́tò. Ọ̀nà Kambolé nígbà yẹn, tí o bá gbé ẹyin wọ ọkọ̀ akẹ́rù, omi ẹyin lo máa gbé sọ̀kalẹ̀. A sì mọ bí a ṣe ń fi nǹkan rán ọmọ ìlú ẹni tó ní mọ́tò. Ó wá ra aṣọ, ó ní òun ń kọjá sí Kambolé, ẹ̀gbọ́n bàbá mi bẹ̀ ẹ́, ó sì gba àwòrán náà lọ́wọ́ mi tọwọ́ méjèèjì. "Ṣé ìyá rẹ kì í ṣe ìyá mi ni?" ló wí.

Ọyẹ́ dé, ọyẹ́ ń lọ. Ẹni tó bá ti Kambolé wá, iṣẹ́ ìyá mi ló ń jẹ́: ilé tí mo ní mo yà dà? Nígbà tó sú mi, mo wọ ọkọ̀ lọ sí Tchamba. Àwòrán náà wà ní pálọ̀ délégué lóòótọ́. Ó gbé e lé orí àpótí kékeré kan, ó sọ ọ́ di tábìlì. Ife tíì wà lórí rẹ̀, ìdí ife ti fi òrùka pupa sílẹ̀ káàkiri ojú ọ̀run mi.

"Aláájì," mo ní, "iṣẹ́ tí mo fi rán yín sí ìyá mi nìyẹn."

"Mo mọ̀. Má kánjú. Àlejò ńlá ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi láti Lomé. Ìwọ lo máa bá mi ya Guide, pẹ̀lú igi báyìí."

"A kì í ya ojú ènìyàn nílé wa, Aláájì. Ẹ̀yin náà mọ̀."

Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ojú fèrèsé. "Ènìyàn lásán ni Guide lójú rẹ? Ṣé kí n sọ fún wọn pé o kọ̀ ni?" Lẹ́yìn náà ó rẹ́rìn-ín. "Donnant, donnant. Gbé Guide wá, kí o gbé ilé ìyá rẹ lọ."

Mo yà á, nítorí ojú ìyá mi ń ṣú. Aṣọ ìyàwó rẹ̀ yẹn ló fún mi kí n máa wò. Ó wá sí Sokodé wá yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kí n yọ ìlà iwájú orí kúrò, Guide kì í darúgbó. Mo yọ ọ́. Mo fi ọ̀gánwó ṣe ojú, mo fi iyanrìn gbígbóná ṣe òjìji abẹ́ àgbọ̀n, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ pákó àpótí tíì bí mo ṣe máa ń ṣe. Ó dára púpọ̀. Ìyẹn gan-an ló ń bí mi nínú. Ọwọ́ mi kò mọ bí a ṣe ń ṣe iṣẹ́ tí kò dára, àní fún irú wọn.

Lọ́jọ́ tí àlejò ń bọ̀, èmi fúnra mi ni mo gbé e lọ sí Tchamba. Délégué gbé e kọ́ sára ògiri tó dojú kọ ilẹ̀kùn, kí àlejò lè rí i bó bá ṣe ń wọlé. Mo ní, "Aláájì, ògiri tí ẹ máa ń kọjú sí kírun nìyẹn." Ó ní kí n gbẹ́nu dákẹ́. Àwọn obìnrin ti ń jó níta láti àárọ̀. Àwọn àgbà àdúgbò jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì, lèmọ́mù wà láàárín wọn, gbogbo wa ń retí. Àlejò kò dé. Àwọn ẹni ńlá wa kì í tètè dé ibi kankan. Àkókò ìrun Aláásàrí tó, lèmọ́mù dìde, ó wo ògiri, ó tún jókòó.

"N kò ní forí kanlẹ̀ níwájú ojú yìí," ló wí. "Ẹ gbé e kúrò."

Ó yẹ kí o rí délégué. Gbígbé Guide sọ̀kalẹ̀ kẹ̀? Orí ilẹ̀ ni yóò gbé e lé ni? Ó ní kí wọ́n wá aṣọ tí yóò fi bò ó. Aṣọ tó tóbi tó nínú ilé, ti ìyàwó rẹ̀ ni, ojú Guide ló sì kún ara òun náà. Lèmọ́mù ń dúró. Nígbẹ̀yìn délégué fúnra rẹ̀ gun àga, ó rọra yí àwòrán náà padà kó kọjú sí ògiri, ó sì ń bẹ̀ ẹ́ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́: "Pardon, Excellence. Kí a kírun tán ni." A tò, a bẹ̀rẹ̀ ìrun.

A wà lórí rùkúù nígbà tí fèrè mọ́tò dún. Délégué já ìrun rẹ̀ sílẹ̀ níbẹ̀, ó sáré jáde, ó fi èjìká gbá àwọn tó tẹrí ba. Lèmọ́mù ń bá ìrun lọ bí ẹni pé ẹyẹ ló fò kọjá. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sálámà tán ni àlejò wọlé, òun àti sójà, wọ́n fi bàtà tẹ kápẹ́ẹ̀tì tí a kírun lé. Ọkùnrin sísanra kan tó wọ awò dúdú ni. Ó wo yíká pálọ̀, ó bèèrè ibi tí Guide wà.

"Où est le Guide?"

Délégué nàka sí ògiri kó tó ronú. Gbogbo wa wo ibẹ̀. Ẹ̀yìn pákó àpótí tíì ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà dúdú gàdàgbà tó ń sọ pé kí wọ́n má jẹ́ kí omi kàn án: TENIR AU SEC.

Àlejò bọ́ awò ojú rẹ̀. Mo rí òógùn tó yọ níwájú orí rẹ̀. Délégué nawọ́ sí mi pé èmi káfíńtà ni mo ṣe é, "C'est lui, Excellence, lui, le menuisier..." Mo ti rí ara mi nínú mọ́tò àwọn sójà. Ṣùgbọ́n àlejò náà kò jẹ́ kó parí ọ̀rọ̀. Ó ti rí ohun tí délégué kò rí: bí ẹnì kan bá jẹ̀bi, á jẹ́ pé wọ́n ti yí Guide kọjú sí ògiri lóòótọ́, ìṣojú òun àlejò ló sì ṣẹlẹ̀, Lomé á sì gbọ́. Bí ẹnì kan bá fọwọ́ kàn án láti tún un ṣe, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wo pákó yẹn tààrà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́.

"Magnifique!" ló wí, bí ẹni pé ohun ẹwà ló ń wò.

Délégué pàtẹ́wọ́. Àwọn sójà pàtẹ́wọ́. Àwọn tí wọ́n bá a wá láti Lomé, àwọn ọkùnrin onísúùtù tí wọ́n mọ ìwé, ń pàtẹ́wọ́ fún ẹ̀yìn àpótí tíì, wọ́n ń mi orí bí ẹni tí iṣẹ́ ọnà wọ̀ lára. Àwọn obìnrin ìta gbọ́ ariwo náà, wọ́n ki orin bọnu. Ó pẹ́, nítorí kò sẹ́ni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tó máa ṣíwọ́. Lèmọ́mù nìkan ló jókòó, ó ń ka tẹ̀sùbáà rẹ̀. Àlejò kò jẹun, kò mu omi, ó wọ mọ́tò rẹ̀ padà. Láti ọjọ́ náà ni ẹ̀rù wọn ti kúrò lára mi. Ohun tó kù ni pé kí n má rẹ́rìn-ín lójú wọn.

Eruku mọ́tò kò tíì rọlẹ̀ nígbà tí délégué kó pákó méjèèjì lé mi lọ́wọ́. "Gbé e kúrò nílé mi! Méjèèjì!" Ojú Guide yẹn, mo rẹ ẹ́ sínú omi gbígbóná nígbà tí mo padà dé Sokodé títí àtè fi jọ̀wọ́ rẹ̀. Iwájú orí rẹ̀ tí kò ní ìlà ti di igbá nínú àwòrán mìíràn tó wà ní pálọ̀ mi dòní. Àwọn ènìyàn máa ń yin igbá náà.

Kambolé ni mo kọ́kọ́ gbà lọ láti Tchamba. Mo bá ìyá mi níwájú ilé àbúrò rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà. Mo dúró níwájú rẹ̀, kò gbójú sókè. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ló fi ń mọ èyí tí kòkòrò ti jẹ. Mo kí i, ìgbà náà ló rẹ́rìn-ín, ó kọjú síbi tí n kò sí. Ìmọ́lẹ̀ ìkẹyìn ojú ìyá mi ni délégué ti gbé ife tíì lé lórí. N kò tíì dárí jì í, mo sì gbọ́ pé ó ti kú.

"Màmá, mo gbé ilé yín dé," mo ní.

Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó gbà á, ó gbé e lé itan. Mo ti fi bébà oníyanrìn dán ojú rẹ̀ débi pé kò sí ohun tí ìka lè rí mú níbẹ̀. Ó fọwọ́ pa á, ó yí i padà, ó fọwọ́ pa ẹ̀yìn rẹ̀ náà, ó gbé e súnmọ́ imú. Lẹ́yìn náà ó na pákó náà sí mi.

"Èwo ni ojú rẹ̀?" ló bi mí. "Fi hàn mí, kí o sọ fún mi ibi tí ilẹ̀kùn wà."

Mo di ìka rẹ̀ mú, mo gbé e lé ilẹ̀kùn bàbá mi, mo sì ń sọ ilé náà fún un títí ilẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣú. Ọ̀pọ̀ ọdún ti kọjá. Nígbàkigbà tí mo bá gbọ́ àtẹ́wọ́ níbi ìpàdé, mo máa ń rántí ìyá mi lórí àpótí ìjókòó rẹ̀. Nínú gbogbo àwọn olójú tó wà ní pálọ̀ yẹn ní Tchamba, kò sí ẹyọ ẹnì kan tó lè bèèrè pé èwo ni ojú rẹ̀.